Lẹ́tà Ìtọrọ Oníràwọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ bi Japheth ní iṣẹ́ tó ń ṣe, kó kọ́kọ́ wá ibi jókòó sí. Ọ̀rọ̀ náà kò le, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ni wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, tí wọ́n mi orí, tí wọ́n sì tún béèrè lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ pé, "Ó dáa, iṣẹ́ wo gan-an lo wá ń ṣe?" Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, ọmọ Èkìtì tó ń gbé Durumi ní Abuja. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa, irun iwájú orí rẹ̀ sì ti ń kó ẹrù lọ díẹ̀díẹ̀. Òun ló ń kọ ìwé tó ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọn yóò ṣe lo sọfitiwia tí ilé iṣẹ́ wọn bá rà. Bí bọ́tìnì kan bá wà lójú kọ̀ǹpútà, Japheth ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ẹ tẹ̀ ẹ́, yóò sì sọ ohun tí ojú yín yóò rí bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ gidi ni, kí ẹnikẹ́ni má yínmú.

Ní ọdún tó kọjá, ilé iṣẹ́ náà ra sọfitiwia kan tí wọn yóò máa fi gba yàrá ìpàdé. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tó bá fẹ́ yàrá á lọ bá Àǹtí Ìdáyátù, akọ̀wé ẹ̀ka wọn, á kí i dáadáa, Àǹtí á sì na kọ́kọ́rọ́ sí i. Àwọn ọ̀gá ní ìyẹn ti di ayé àtijọ́. Wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ lọ, wọ́n fi ẹ̀rọ sára ilẹ̀kùn, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ yàrá kó béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Kò sì sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo yàrá ìpàdé ti wà ní títì pa, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ atẹ́gùn sára àga òfìfo.

Wọ́n ní kí Japheth kọ ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀. Japheth ì bá ti kọ ọ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àmọ́ iṣẹ́ ìjọba kì í lọ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó kọ̀wé, wọ́n gbọ́dọ̀ yan irú àmì tí wọn yóò fi kọ ọ́. Kí wọ́n tó yan àmì, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ ṣèpàdé, ìpàdé sì gbọ́dọ̀ ní yàrá. Bí wọ́n ṣe di ìgbìmọ̀ orí àtẹ̀gùn nìyẹn. Lórí àtẹ̀gùn tó lọ sí àjà kejì ni wọ́n ti ń jókòó, alága lókè, àwọn tó kù nísàlẹ̀ rẹ̀ bí ipò wọn ṣe tẹ̀ léra, wọ́n á sì máa súnra fún àwọn tó ń gòkè àti àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń fọ ilẹ̀ á gba àárín wọn kọjá tòun ti garawa omi, á kí wọn lédè Haúsá pé, "Sànnu, sànnu," gbogbo ìgbìmọ̀ á sì gbé ẹsẹ̀ sókè.

Kí ọ̀rọ̀ àmì yìí má baà dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, bó ṣe rí nìyí. Kọ̀ǹpútà kò mọ àkọlé yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ lásán, àfi bí ẹni tó ń kọ̀wé bá sàmì sí i fún un. Ẹ óò fi àmì sọ fún un pé èyí ni àkọlé, jẹ́ kó tóbi. Èyí ni ọ̀rọ̀ pàtàkì, jẹ́ kó sanra. Kọ̀ǹpútà á gbé àwọn àmì náà mì, á sì gbé ojú ìwé tó gún régé jáde. Ọ̀nà tí a lè gbà sàmì ló pọ̀, ibẹ̀ sì ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ti Japheth rọrùn bí ẹní ń jẹ̀kọ: háàṣì kan níwájú àkọlé, méjì níwájú àkọlé kékeré, ìràwọ̀ méjì lọ́tùn-ún àti méjì lósì ọ̀rọ̀ tó bá yẹ kó sanra, ó parí. Sítà àti háàṣì tí gbogbo wa máa ń tẹ̀ bí a bá fẹ́ fi káàdì sórí fóònù náà ni.

Sùlàímọ́nù, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà, ọmọ Ìsẹ́yìn, kò fẹ́ gbọ́ ìràwọ̀ sétí. Àmì ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni tirẹ̀. Àmì yìí á kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún ọ̀rọ̀, á dárúkọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́, ọ̀rọ̀ á wọlé, àmì mìíràn á sì tún tilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ kan náà. Bí Sùlàímọ́nù bá fẹ́ kọ "ẹ káàárọ̀" pẹ̀lú àmì yìí, ojú ìwé á fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Àmọ́ bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀ nìyẹn. Kò lè rí ohun tó ṣí sílẹ̀ kó kọjá lára rẹ̀. Ó ń ti fèrèsé olófèrèsé, ó ń dé ìkòkò ọbẹ̀ tí wọn kò ní kó dé, ó sì ti pa bóòtù ọkọ̀ dé rí mọ́ ẹni tó ṣì ń kó ẹrù sí i lọ́wọ́. Ohun tí a bá ṣí, a gbọ́dọ̀ tì í, ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹnu rẹ̀ jáde jù nìyẹn.

Alága ìgbìmọ̀ ni Alàgbà Akínọlá, ọ̀gá ẹ̀ka wọn, tó tún jẹ́ alàgbà nínú ìjọ tí Japheth ń lọ. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Kò fẹ́ kí inú ẹnikẹ́ni bàjẹ́, nítorí náà kì í dá sí ẹ̀gbẹ́ kankan. Bí Japheth bá sọ̀rọ̀ tán, á ní ó dára. Bí Sùlàímọ́nù bá sọ̀rọ̀ tán, á ní ìyẹn náà dára. Á wá gbé ojú sókè, á ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀wò," ìpàdé á sì tú ká. Àwọn ọ̀dọ́ ọ́fíìsì máa ń sọ pé bí iná bá ń jó ilé, Alàgbà á ní kí wọ́n gbé iná náà yẹ̀wò. Nígbà kan ó tiẹ̀ dá a lábàá pé kí wọ́n pín ìwé náà bí wọ́n ṣe ń pín ipò láàárín àwọn ìpínlẹ̀, kí orí kan jẹ́ oníràwọ̀, kí orí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó, kí ó má baà sí ẹni tí yóò sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Orí fọ́ Japheth di ọjọ́ kejì.

Àfi bí Alàgbà ṣe ní òun fẹ́ rí àpẹẹrẹ ti àwọn méjèèjì lórí bébà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Japheth àti Sùlàímọ́nù kọ, kálukú pẹ̀lú àmì tirẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Àǹtí Ìdáyátù pé kó bá wọn tẹ̀ ẹ́ jáde. Àǹtí Ìdáyátù jẹ́ obìnrin onímọ̀ọ́tótó, ìdọ̀tí kì í bá a gbé. Nígbà tó rí ìràwọ̀ níbí, háàṣì lọ́hùn-ún, ẹnu ṣóńṣó káàkiri, àánú àwọn ọmọ náà ṣe é. Ó fara balẹ̀, ó ṣa gbogbo pàǹtí náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé bébà méjì tó mọ́ tónítóní lọ fún ọ̀gá. Alàgbà gbé wọn yẹ̀wò fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lórí àtẹ̀gùn, ó ní òun ti wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pé ti Japheth dára, ti Sùlàímọ́nù náà dára, òun kò tilẹ̀ lè sọ pé ọ̀kan ju èkejì lọ. Òótọ́ ló sọ. Kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín bébà méjèèjì.

Inú bí Japheth débi pé ó gbàgbé pé Àǹtí Ìdáyátù jù ú lọ. Ó lọ bá a nídìí tábìlì, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ohunkóhun tí mo bá kọ, bó ṣe wà ni kẹ́ ẹ máa fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá rí ìràwọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án." Àǹtí Ìdáyátù wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní ó dáa, òun ti gbọ́, láti òní lọ òun kò ní fọwọ́ kan ìràwọ̀ oníràwọ̀ mọ́. Japheth rò pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀.

Gbogbo èyí ì bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì lásán, bí kì í bá ṣe Lydia.

Nọ́ọ̀sì ni Lydia, ó ń gbé Jikwoyi pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀. Inú tákísì kan tó ń ti Nyanya bọ̀ ni òun àti Japheth ti pàdé. Ó bi Japheth ní iṣẹ́ tó ń ṣe, Japheth sì ṣàlàyé títí wọ́n fi dé ibi tí wọn yóò ti sọ̀. Japheth ti ń retí ìbéèrè tó máa ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n Lydia ronú díẹ̀, ó ní, "Àmì wo lẹ wá ń fi sí èyí tó bá ṣe pàtàkì jù?" Japheth kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ó ti rí aya.

Baba ọmọ ni ìṣòro. Bàbá Ọláìtán ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, òun sì ni ọ̀gá àwọn akọrin ní ìjọ wọn ní Jikwoyi. Pẹ́ńsù kì í kúrò létí rẹ̀, ì bá à jẹ́ nígbà tó bá ń jẹun, nítorí ìgbàkígbà ló lè rántí pé ibì kan wà nínú orin Sunday tó yẹ kóun sàmì sí. Kò kórìíra Japheth o. Ó kàn fẹ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Japheth ti ṣàlàyé fún un nígbà àkọ́kọ́ tó wá kí i, ó ti ṣàlàyé nígbà Kérésì, ó tún ṣàlàyé nígbà tí bàbá náà ṣàìsàn tí kò lè sá lọ. Bọ́tìnì, ojú kọ̀ǹpútà, ìgbìmọ̀ orí àtẹ̀gùn, kò sí èyí tí kò sọ. Bí ó bá ti sọ ọ́ tán, bàbá á yọ awò ojú, á nù ún, á sì béèrè pé ṣé wọ́n ń sanwó fún un.

Nígbà tí Japheth wá sọ pé òun fẹ́ kó àwọn ènìyàn òun wá fún mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́, bàbá gbà, ṣùgbọ́n ó la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn máa ń fi lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó sílẹ̀ di ọjọ́ ìdána. Òun ní tòun, ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ gan-an lòun fẹ́ gbọ́ ọ.

"Ọmọ mi kì í ṣe ohun tí mo lè fà lé ẹni tí mi ò mọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́," bàbá ní. "Bí àwọn akọrin bá bi mí, kí ni kí n sọ? Pé àna mi ń yan ìràwọ̀? Oníṣẹ́ ìwé lo pe ara rẹ, inú ìwé rẹ ni n ó ti mọ̀ ọ́. Bí lẹ́tà náà bá yé mi, ó dáa. Bí kò bá yé mi, a ó jẹun, a ó gbàdúrà, ẹ ó sì máa lọ sílé yín."

Ẹ̀rù ba Japheth. Ẹ̀rù ba Lydia náà, ṣùgbọ́n ó ní kó lọ fọkàn balẹ̀ kọ ọ́, pé bí ó bá kọ ọ́ bó ṣe ń bá òun sọ̀rọ̀, kò sí bí kò ṣe ní dára. Japheth jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Durumi, ó kọ, ó pa á rẹ́, ó tún kọ. Ẹni tó ti ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà láti ọdún mélòó kan, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà kan. Kò tilẹ̀ mọ ìgbà tó fi háàṣì síwájú àkọlé. Kò mọ ìgbà tó fi ìràwọ̀ yí orúkọ Lydia ká. Lójú tirẹ̀, bó ṣe ń wo lẹ́tà náà, kò rí ìràwọ̀ kankan mọ́, ọ̀rọ̀ tó sanra ló ń rí, nítorí ojú tí àmì ti mọ́ lára kì í rí àmì mọ́.

Ó fi í ránṣẹ́ sí Àǹtí Ìdáyátù, nítorí kò sẹ́ni tó ń tẹ̀wé tó rẹwà tó tirẹ̀, Àǹtí sì ti ṣèlérí pé òun á fi sínú férémù, òun á wé e ní bébà dídán, òun á so ríbọ́nù mọ́ ọn. Ní ọ̀sán Friday, Àǹtí pè é láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Lákòókò yẹn, Japheth wà lórí fóònù pẹ̀lú Sùlàímọ́nù, tó wà ní ọjà Zuba tó ń bá a ra ọ̀pẹ òyìnbó àti bàrà tí wọn yóò gbé lọ sí Jikwoyi, tó sì ń jà pẹ̀lú ẹni tó ń ta bàrà nítorí pé wọ́n la ọ̀kan sílẹ̀ láìbò ó.

"Japheth, lẹ́tà yìí," Àǹtí Ìdáyátù ní. "Ṣé bó ṣe wà náà?"

Japheth juwọ́ sí i. "Bó ṣe wà, Àǹtí, bó ṣe wà."

Àǹtí Ìdáyátù ní kò burú, ó sì padà lọ wá ríbọ́nù.

Ní Jikwoyi, ìmúra mìíràn ń lọ lọ́wọ́. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, ọmọdébìnrin kan nínú ẹbí ìyàwó ni yóò ka lẹ́tà sétí gbogbo ènìyàn, Mofẹ́olúwa, àbúrò Lydia, ni wọ́n sì yàn. Ọmọ Abuja ni Mofẹ́olúwa. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọn yóò sọ tí kò ní yé e, pàápàá bó bá jẹ́ pé òun ni wọ́n ń bú, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ máa ń sáré, ó sì máa ń fo gbogbo àmì orí ọ̀rọ̀, tó fi ń sọ ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ọkọ̀. Bàbá Ọláìtán mú un jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, ó kọ́ ọ bó ṣe ń kọ́ àwọn akọrin. Òfin kan ṣoṣo ló fún un: kó má fo ohunkóhun, ohun tí ojú rẹ̀ bá rí lórí bébà, kí ẹnu rẹ̀ sọ ọ́. Ọmọ náà sì gbọ́ràn.

Ọjọ́ Sátidé pé. Bàbá Japheth ti kú, ìyá rẹ̀ kò sì lè rin ìrìn jìnnà nítorí orúnkún, nítorí náà Alàgbà Akínọlá ló dúró bíi bàbá fún un. Sùlàímọ́nù ló wa ọkọ̀, Àǹtí Ìdáyátù ló gbé lẹ́tà lé itan bí ọmọ tuntun. Yàrá ìgbàlejò Bàbá Ọláìtán kún fún àwọn akọrin mélòó kan, àwọn aládùúgbò, àti ẹ̀gbọ́n bàbá lóbìnrin, Ìyá Abíọ́nà, tó ti Ìkirun wá, tó jókòó níwájú pátápátá nítorí etí rẹ̀. Sùlàímọ́nù wá àga sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó sì ń tì í lẹ́yìn ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé. Japheth dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n kí ara wọn, Alàgbà sọ ohun tí wọ́n bá wá. Lydia jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ìyàwó ṣe gbọ́dọ̀ dákẹ́.

Wọ́n pe Mofẹ́olúwa jáde. Ó tú ríbọ́nù, ó ya bébà dídán, ó gbé férémù sókè níwájú ojú rẹ̀, ó fa èémí sínú, ó sì la ẹnu.

"Háàṣì," ó bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. "Lẹ́tà Ìtọrọ. Háàṣì háàṣì. Ìkíni. Ẹ̀yin ẹbí Ọláìtán, a dọ̀bálẹ̀ kí yín. Háàṣì háàṣì. Ohun tí a bá wá. Sítà sítà òdòdó kan sítà sítà la rí nínú ọgbà yín. Sítà sítà Lydia sítà sítà lorúkọ rẹ̀."

Ìgbà náà ni Japheth ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí àwọn àmì tó kọ. Ó wo Àǹtí Ìdáyátù. Àǹtí Ìdáyátù wò ó padà pẹ̀lú ojú tó mọ́ tónítóní, ó sì fi ẹnu sọ láìjẹ́ kí ohùn jáde pé, "Bó ṣe wà."

Ìyá Abíọ́nà ti ń tú báàgì. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó yọ awò ojú, ó sì ń tẹ nǹkan. Ó ti gbọ́ pé àwọn àna òde òní láwọ́, kò sì mọ̀ pé wọ́n lè láwọ́ débi pé wọ́n á pín káàdì fóònù nínú lẹ́tà ìtọrọ. Ó ní kí wọ́n sọ fún ọmọ náà kó rọra, ṣé sítà méjì ló kọ́kọ́ wá ni àbí háàṣì. Aládùúgbò méjì pẹ̀lú gbé fóònù jáde, wọ́n ní ẹnìkan kì í mọ̀.

Mofẹ́olúwa kò dúró. Ọmọ tí wọ́n ti ní kó má fo ohunkóhun, kí ni yóò dúró fún? Ó kà á lọ pé, "Háàṣì háàṣì. Bí ẹ ó ṣe fún wa ní òdòdó náà. Ení, ẹ gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Èjì, ẹ pe Lydia jáde. Ẹ̀ta, ẹ fà á lé wa lọ́wọ́. Sítà sítà àkíyèsí sítà sítà. Bí a bá ti mú un lọ, a kò ní dá a padà. Bí ẹ bá bá ìṣòro kankan pàdé, ẹ kàn sí wa." Ó tẹríba, ó ní ó tán.

Ọ̀kan nínú àwọn akọrin fi aṣọ ìnujú bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Alàgbà Akínọlá ń wo àjà ilé bí ẹni tó fẹ́ gbé e yẹ̀wò. Japheth mọ̀ pé ó ti tán. Ó ń ronú bó ṣe máa jẹ oúnjẹ tí wọn yóò gbé wá, nítorí bàbá ti sọ pé wọ́n á jẹun kí wọ́n tó lé wọn. Kò lè wo ibi tí Lydia wà.

Bàbá Ọláìtán na ọwọ́, ó gba férémù. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè lọ́wọ́ Japheth pé kí ni ìtumọ̀ àwọn nǹkan wọ̀nyí, àbí wọ́n kọ lẹ́tà náà sí ẹ̀yìn káàdì fóònù ni.

Japheth kúnlẹ̀. Kò rántí bọ́tìnì, kò rántí ìgbìmọ̀, ojú kọ̀ǹpútà kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn. "Bàbá, ẹ má bínú, sà," ó ní. "Àmì ni. A kì í kà á. Ibi tí háàṣì bá wà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ìràwọ̀ bá wà, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ló jẹ mí lọ́kàn jù."

Bàbá tún wo bébà náà. Ó wò ó títí ọwọ́ rẹ̀ fi lọ sí ibi pẹ́ńsù etí rẹ̀, tó sì dúró síbẹ̀. Ó pe Mofẹ́olúwa.

"Bí mo bá sàmì sórí orin pé kí wọ́n gbóhùn sókè, ṣé àwọn akọrin máa ń kọ àmì náà lórin?"

"Rárá, Dádì," ọmọ náà ní. "Àfi Bọ̀dá Akin."

Bọ̀dá Akin, tó jókòó láàárín àwọn akọrin, wo ilẹ̀. Bàbá ní kí ọmọ náà tún lẹ́tà kà, kó gbàgbé orúkọ àmì, kó ṣe ohun tí àmì ní kó ṣe.

Mofẹ́olúwa gba férémù padà. Lọ́tẹ̀ yìí, bó bá dé ibi háàṣì, á sinmi, á gbé àyà síta. Bó bá dé ibi ìràwọ̀, ohùn rẹ̀ á dìde, á sì tún sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tó dé òdòdó, ìyá Lydia gbójú sókè. Nígbà tó dé orúkọ Lydia, ohùn náà ga débi pé Ìyá Abíọ́nà alára gbọ́ ọ láìgbé ọwọ́ sétí, ó sì fi fóònù sílẹ̀. Nígbà tó dé ibi tó ti sọ pé wọn kò ní dá a padà, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu gbogbo ilé, omijé sì wà lójú ìyá ọmọ. Japheth ń gbọ́ lẹ́tà ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́, ayọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí gbà á láyà.

"Japheth," Bàbá Ọláìtán ní, "ṣé iṣẹ́ tó o ń ṣe nìyí? O ń sàmì síbi tí ohùn yóò ti dìde?"

"Òun ni, Bàbá."

"Kí ló wá dé tó o fi ń pariwo bọ́tìnì sí mi létí láti ọdún tó kọjá?"

Kí Japheth tó dáhùn, Alàgbà Akínọlá ti dìde dúró. Ó tún agbádá ṣe sí èjìká, ó sì ní òun ní ọ̀rọ̀ kan, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyàwó. Ó ní bí ọmọ ilé-ìwé kan ní Jikwoyi bá lè gbé ìwé kan dání, láìsí kọ̀ǹpútà, tó sì kà á tó yé àgbà tó ti Ìkirun wá, a jẹ́ pé àmì inú ìwé náà kò di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. "Mo ti gbé e yẹ̀wò," ó ní. "Ìràwọ̀ la máa lò."

Àǹtí Ìdáyátù fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ife omi sílẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń bá Alàgbà ṣiṣẹ́, kò tíì gbọ́ kí ó gbé nǹkan yẹ̀wò tán rí. Gbogbo ará ọ́fíìsì tó wà níbẹ̀ wá yíjú sí Sùlàímọ́nù lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Sùlàímọ́nù ní òun ti fetí sílẹ̀ dáadáa sí kíkà àkọ́kọ́, pé sítà méjì ló ṣí ọ̀rọ̀, sítà méjì ló sì tì í, kò sí èyí tí wọ́n ṣí tí wọn kò tì. Òun gba ìràwọ̀. Háàṣì ni kò tẹ́ òun lọ́rùn, nítorí wọ́n kàn gbé e síwájú àkọlé ni, wọn kò padà wá tì í.

Ó ku èsì. Ẹbí ìyàwó ló máa ń kọ èsì, ẹbí ọkọ á sì kà á. Bàbá Ọláìtán kò tíì kọ èsì kankan sílẹ̀, nítorí kò mọ èyí tí òun yóò kọ. Ó wá yọ pẹ́ńsù létí, ó fa bébà orin kan jáde, ó dojú rẹ̀ dé, ó sì kọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó nà án sí Japheth fúnra rẹ̀.

"Kà á sókè," ó ní. "Bí Mofẹ́olúwa ṣe kọ́kọ́ kà á ni kí o kà á. Má fo ohunkóhun."

Japheth gba bébà náà. "Háàṣì," ó kà. "Èsì. Sítà sítà, a gbà, ẹ wá mú òdòdó yín."

Ilé hó. Ìyá Lydia bú sórin, àwọn akọrin gbè é, Bọ̀dá Akin náà gbè é. Láàárín ariwo náà ni Sùlàímọ́nù ti dìde tó ń juwọ́. Ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù, wàhálà wà, pé bàbá ṣí ìràwọ̀ ṣùgbọ́n wọn kò tì í. Ó ní nínú ìlànà tó bá ní orí tó ní ìdí, bí ènìyàn bá ṣí ohun tó ń mú ọ̀rọ̀ sanra tí kò bá tì í, gbogbo ohun tó bá tẹ̀ lé e ni yóò máa sanra lọ títí ìwé yóò fi parí.

Japheth mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ìlànà tirẹ̀. Ìràwọ̀ tí wọn kò bá tì kì í ṣe nǹkan kan, yóò kàn jókòó síbẹ̀ ni bí ìràwọ̀ lásán. Ó la ẹnu láti sọ ọ́, nítorí kò tíì jẹ́ kí Sùlàímọ́nù ṣì í sọ rí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá Ọláìtán ti gba bébà padà, ó na pẹ́ńsù, ó ní kí wọ́n fi ibi tóun yóò ti tì í han òun. Japheth wo Lydia, ó sì pa ẹnu dé.

Lydia tí kò tíì sọ gbólóhùn kan láti àárọ̀ gbé orí sókè.

"Ẹ má tì í, Dádì," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó máa sanra lọ."

Bàbá Ọláìtán wo ọmọ rẹ̀, ó wo bébà, ó sì dá pẹ́ńsù padà sí etí.